WordPress tí mo fi kọ́ wẹ́bsáìtì iṣẹ́ ìfọlé mi ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n máa ń pe èèyàn wá ṣe nínú ilé, ìbáà ṣe iṣẹ́ iná, iṣẹ́ omi, pípa kòkòrò tàbí ìfọlé bíi tèmi, WordPress, sọ́fúwià tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bsáìtì, ni kó lò. Èmi ń lò ó, mo sì ń sọ fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo mọ̀ ní Ìkòròdú pé kí wọ́n lò ó.

Tí bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti péńtà bá ti jáde nínú ilé tuntun, àwa la máa ń wọlé. À ń ha sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà kúrò lórí táìsì, à ń nu gíláàsì fèrèsé, à ń fọ táńkì omi. Láti Àgíríìkì dé Ìgbógbó, ilé tuntun kò yé dìde, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n kò sì sí nílé. Kánádà ni wọ́n wà, tàbí London. Ẹlòmíì nínú wọn ti fi owó ilé rán ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rí, owó lọ, ilé ò dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp lásán. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wà lóòótọ́, bóyá ẹ ti forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, irú ilé tí ẹ ti fọ̀ rí, àti iye tó máa ná òun. Facebook nìkan kò lè gbé gbogbo ìyẹn. Àwòrán tí mo bá gbé síbẹ̀ lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti rì sísàlẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni WordPress fúnra rẹ̀. Matt Mullenweg àti Mike Little ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2003. Lónìí, nínú wẹ́bsáìtì 100 lágbàáyé, èyí tó ń lò ó lé ní 40. Àǹfààní ìyẹn fún oníṣẹ́ kékeré ni pé ìṣòro yòówù kó dé bá yín, ẹnìkan ti bá irú rẹ̀ pàdé rí, ó sì ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí YouTube. Ẹ kò sì ní wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò ní Sábó títí kí ẹ tó rí i. Àmọ́ méjì ni wọ́n, ẹ má ṣì wọ́n mú. WordPress.com máa ń bá yín tọ́jú ohun gbogbo, ẹ ó sì sanwó tí ẹ bá fẹ́ lo orúkọ wẹ́bsáìtì tiyín níbẹ̀. WordPress.org ni wọ́n ti ń gba sọ́fúwià náà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ ó wá gbé e sórí hosting (kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan ń yá yín láti gbé wẹ́bsáìtì yín sí) tó bá wù yín. Èyí èkejì ni mo yàn, torí pé bí hosting kan kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ sórí òmíràn.

Orí hosting àti orúkọ wẹ́bsáìtì, ìyẹn àdírẹ́sì tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó rí yín, ni owó ń lọ sí. Èyí tó parí sí .com.ng ni mo rà. Àjọ NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ .ng, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì ń tà á. Ọdọọdún lẹ ó máa san owó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àti ímeèlì yín rà á, kódà tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń bá yín kọ́ wẹ́bsáìtì. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ímeèlì tiwọn rà á fún oníbàárà torí pé ó yá jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ẹni náà bá rìnrìn àjò tí fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ yín ṣì wà. Ẹ ti kọ ọ́ sí ara ọkọ̀, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sí aṣọ iṣẹ́, ẹ ò sì lè wọlé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí òógùn ojú èèyàn ló wà nínú orúkọ yẹn.

Kí hosting yín ní SSL, èyí tó ń dáàbò bo ohun tó ń lọ láàárín wẹ́bsáìtì yín àti ẹni tó ń wò ó. Àjọ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ hosting sì ti so ó mọ́ tiwọn. Láti 2018 ni Chrome ti ń kọ "Not secure" sára wẹ́bsáìtì tí kò bá ní in. Ẹni tí gbájú-ẹ̀ ti jẹ owó rẹ̀ rí, tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti lọ nìyẹn.

Ojú ìwé tiwa kò pọ̀: ohun tí à ń ṣe, ibi tí à ń dé, iye owó, àwòrán, bí wọ́n ṣe máa rí wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká má gbé owó síta, kí ẹlòmíì má bàa fi já tiwa wálẹ̀. Mi ò gbà. Mo kọ iye tí fúláàtì àti dúpúlẹ́ẹ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ohun tó lè mú un gòkè: ọ̀dà tó ti gan mọ́ táìsì, ilé tí kò tíì ní omi tí a ó ra omi táńkà sí. Àwọn tó ń pè mí báyìí ti mọ iye tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pè. A kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó kó tó kan ọjọ́ tí a máa wá.

Àwòrán ilé kan náà, kí a tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, ni wọ́n ń wò jù. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbé e síta, kí nọ́ńbà ilé má sì hàn níbẹ̀. Àwòrán fóònù máa ń wúwo. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi kọjá 200KB, torí ẹni tó ń wò ó láti Ìmọ̀tà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já mọ́ lọ́wọ́, kò ní dúró de àwòrán tí kò ṣí.

Mo fi bọ́tìnnì WhatsApp sí gbogbo ojú ìwé. Ẹ kọ wa.me/234, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà yín tẹ̀lé e láìsí òdo tó ṣáájú, ó parí. Mo kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá fún àwọn ìyá àti bàbá tó ń ṣọ́ ilé fún àwọn ọmọ wọn. Nínú fọ́ǹtì tí mo dán wò, Noto Sans ló gbé ẹ́ àti ọ̀ jáde dáadáa. Àwọn aláràbarà kan máa ń sọ àmì orí wọn nù.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò rọrùn láti tún ojú ìwé ṣe lórí fóònù kékeré. Ẹ wá kọ̀ǹpútà lò. WordPress àti plugin (sọ́fúwià kékeré tí à ń so mọ́ ọn) tún ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, èyí tí wọn ò bá sì tún ṣe lolè máa ń gbà wọlé. Plugin tí mo ní kò pọ̀, UpdraftPlus tó ń bá mi ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo pa mọ́ sì wà nínú wọn.

Tí wẹ́bsáìtì bá ti dúró, ẹ ṣí Google Business Profile, ìyẹn ojú ìwé iṣẹ́ yín lórí Google àti máàpù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù lè fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ pa mọ́, kó kàn dárúkọ àwọn àdúgbò tó ń dé. Google lè ní kí ẹ ya fídíò láti fi hàn pé òótọ́ ni iṣẹ́ yín, nítorí náà ẹ kó irinṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ àti ìwé CAC síta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí yà á. Ẹ so wẹ́bsáìtì yín mọ́ ọn, kí ẹ sì bẹ oníbàárà pé kó kọ ohun tó rí síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí táìsì ṣì ń dán lójú rẹ̀.