Gúgúrú bọ́tà inú máíkírówéèfù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: èwo ni kí ẹ rà?

Àgbàdo inú gúgúrú ò ṣẹ̀ wá ní nǹkan kan. Odindi hóró ni, èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀, inú èèpo yẹn sì ni fáíbà pọ̀ sí jù. Ohun tí wọ́n bá dì mọ́ ọn nínú àpò ló yẹ kí olùrà dá lẹ́jọ́. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí àtẹ: àpò oníbọ́tà tí a ń gbé sínú máíkírówéèfù, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n kọ "light" sí lára, àti hóró gbígbẹ lásán tí ẹni tó rà á yóò yan fúnra rẹ̀.

Ẹ fi méjì tó jìnnà síra wọn jù wéra, nínú 100 gíráàmù:

| | Hóró lásán, tí a fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan | Àpò oníbọ́tà |
|---|---|---|
| Kálórì | bí 387 | ju 500 lọ |
| Ọ̀rá | bí gíráàmù 4.5 | bí gíráàmù 30 |
| Fáíbà | bí gíráàmù 14 | bí gíráàmù 10 |
| Sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) | kò tó mílígíráàmù 10 | ọ̀pọ̀ wà láàárín 700 sí 1,000 |

Ẹnikẹ́ni ò yọ fáíbà kúrò nínú ti oníbọ́tà o. Òróró ló gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń mú olùrà ni iye tí wọ́n kọ sára páálí. Kì í ṣe ti odindi àpò. Ti ìwọ̀n oúnjẹ ẹnì kan ni, bí 30 gíráàmù, àpò kan sì sábà máa ń gba bíi mẹ́ta irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ta ló ń jẹ ìdá mẹ́ta àpò gúgúrú, tó wá ká ìyókù sílẹ̀? Bí páálí bá sọ pé sódíọ̀mù jẹ́ mílígíráàmù 300, tí ọ̀rá "saturated" (irú ọ̀rá tí kò yẹ kí ó pọ̀ jù) sì jẹ́ gíráàmù 5, ẹni tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán ti kó 900 àti 15 sínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí sódíọ̀mù àgbàlagbà má tó 2,000 lójúmọ́. Ìpápánu kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀, oúnjẹ gidi ò sì tíì dé.

Ọ̀rá náà ní ìtàn tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òróró tí wọ́n fi háídírójìn mú dì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, òun ló sì ń mú "trans fat" wá, ìyẹn irú ọ̀rá tó ń pa ọkàn lára. Ní 2015, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé kò ṣeé kà sí ohun tó dára fún jíjẹ mọ́. 2018 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀. Òróró ọ̀pẹ ló rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àpò. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá "saturated," tó máa ń gbé kọlẹ́sítẹ́róòlù burúkú sókè.

Ní ti bọ́tà fúnra rẹ̀, ẹ ka àwọn èròjà dáadáa: nígbà mìíràn, adùn bọ́tà ló wà níbẹ̀, bọ́tà ò sí. Diacetyl ni kẹ́míkà tó gbajúmọ̀ nínú adùn yẹn. Ní 2000, wọ́n rí àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tí kì í gbọ́ oògùn lára àwọn mẹ́jọ tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ gúgúrú kan ní Jasper, Missouri, ní Amẹ́ríkà. Èéfín adùn náà ni wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní 2007. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ nílé kò sí nínú irú ewu àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Síbẹ̀, ẹ má fi imú sẹ́nu àpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ooru rẹ̀ nìkan tó láti jó ojú èèyàn.

Àpò náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. PFAS, àwọn kẹ́míkà kan tí kì í tètè jẹrà, ni wọ́n ti máa ń fi sára bébà kí òróró má baà yọ jáde. Ní oṣù kejì 2024, FDA kéde pé wọn ò tà á mọ́ ní Amẹ́ríkà fún bébà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Òfin ibòmíràn lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò sí PFAS.

"Light" ńkọ́? Òróró rẹ̀ dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ lè má dínkù rárá. Ìlà sódíọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èmi á mú hóró lásán. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ó mọ́ láé: ṣíbí ọbẹ̀ òróró kan tí ẹ bá dà sínú ìkòkò jẹ́ bí kálórì 120, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀ sì ju mílígíráàmù 500 sódíọ̀mù lọ. Ẹni tó bá ń da iyọ̀ sí i púpọ̀ lè kọjá ti inú àpò. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró lásán ni kó rà. Ẹni tó ń jẹ ti oníbọ́tà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá ẹnì kejì tí wọn ó jọ jẹ ẹ́.

Ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu, kó yẹ àkọlé wò, àní bí bọ́tà gidi ò bá sí níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, ẹ má fún un ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó lè há a lọ́fun.