Ọgbà olódòdó tó wà lọ́nà Ọbájánà ní Kàbà: ohun tí mo rí níbẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé ní Kàbà tàbí ní agbègbè rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ gbin òdòdó sínú rọ́bà tàbí ìkòkò, ibi tí màá júwe fún yín ni ọgbà ìyá kan lójú ọ̀nà kọnkéré tó lọ sí Ọbájánà. Apá ọ̀tún ló wà bí èèyàn bá ti ń jáde nílùú. Kò ní pátákó. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni àwọ̀n dúdú tí wọ́n ta bo orí ilẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé, àti bugẹnfílíà pupa kan tó ti gun ògiri kọjá. Láti ìgbà tí mo ti kó dé ilé tí mo wà yìí ni mo ti ń rà níbẹ̀, n kò sì tíì rí ìdí tí màá fi lọ síbòmíràn.

Aránṣọ ni mí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi àti gbogbo àgbàlá ilé tí mo háyà ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ pátápátá. Kò sí ibi tí èèyàn lè ti ki ọkọ́ bọlẹ̀. Inú rọ́bà ọ̀dà, ike kọ́sítádì, ìkòkò amọ̀ tó ti ya létí àti táyà ọkọ̀ ni gbogbo òdòdó mi wà. Ẹni tó ń gbin nǹkan sílẹ̀ lè ra òdòdó tí gbòǹgbò rẹ̀ kò dára tó, kó sì yè é, nítorí ilẹ̀ á gbà á tọ́. Ti inú rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí òdòdó náà gbójú lé. Bí gbòǹgbò bá ti bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, ó parí nìyẹn.

Ìyá yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti kí i pé "Ọkùn o, ìyá," tí mo sì na ọwọ́ sí èyí tó wù mí, kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó. Á fi ìka méjì há ẹsẹ̀ òdòdó náà, á dojú ọ̀rá dúdú tó wà nínú rẹ̀ délẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, ilẹ̀ inú rẹ̀ á sì yọ jáde lódindi láìfọ́. Á ní, "Wo ìdí rẹ̀ kí o tó sanwó, ọmọ mi." Gbòǹgbò tó dára máa ń funfun, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni; á ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò ní tíì máa lọ́ yí ara rẹ̀ ká. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn, omi ló ti pa á. Ojú mi báyìí ni ó ti yọ irú rẹ̀ sẹ́yìn tó ní òun kò ní tà á fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rà níbòmíràn rí tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fa òdòdó náà tu nínú ilẹ̀, tí wọ́n kàn kì í bọ ọ̀rá kí a lè rò pé ibẹ̀ ló ti dàgbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti gbẹ.

Ó ń ta ilẹ̀ pẹ̀lú. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ ₦2,000, ó sì kún rọ́bà ọ̀dà ńlá méjì àti díẹ̀. Owó yìí wọ́n lójú ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n mo máa ń san án tọkàntọkàn, torí mo ti rí bó ṣe ń pò ó. Ilẹ̀dú ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà yanrìn odò, èèpo ìrẹsì, àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná. Ó máa ń jó gbòǹgbò. Ìyá máa ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á máa yí i po títí tí kò fi ní rùn mọ́, kó tó gbà kí ó kan òdòdó. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbẹ́ níbi ìpìlẹ̀ ilé, tí àwọn kan ń kó fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń le gbagidi nínú rọ́bà lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú un, omi kò sì ní rí ọ̀nà gbà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ABU (Yunifásítì Ahmadu Bello) níbí ní Kàbà ni ó ti kọ́ nǹkan wọ̀nyí, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Nípa òdòdó fúnra rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Celosia tó pupa rokoso, tí orí rẹ̀ rí bí ogbe àkùkọ. Ìran ṣọkọ yòkòtò tí a ń sè lọ́bẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa fi gbà á tí ooru wa kì í fi í lára. ₦500 ni ọ̀kan, ó sì ń pẹ́ lórí igi ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Bó bá sì gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá. Mo so ìdì kan kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà sì ń bèèrè rẹ̀ ju àrà aṣọ lọ.

Ẹ̀yin tí oòrùn ń pa ilé yín tààrà, ẹ ra Portulaca, ọmọ ìyá pápásan. Kò fẹ́ omi púpọ̀, ike pẹlẹbẹ lásán tó o. Bí oòrùn bá ti là ni ó máa ń tanná, á sì pa ojú dé bó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tannápowó, torí ìrọ̀lẹ́ ni tannápowó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ là tirẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ń rán aṣọ di alẹ́, òun ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Zinnia ni àbúrò mi tó wà ní Toronto máa ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní oṣù keje. Òdòdó ìgbà ooru ni lọ́dọ̀ wọn. Kò lè gbé e síta títí oṣù karùn-ún, bí yìnyín bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lórí ewé ní oṣù kẹwàá, ó parí. Ilẹ̀ Mexico ni ìran rẹ̀ ti wá, ooru ni ó ń fẹ́. Èmi tí mo wà níbi tí ooru wà yíká ọdún kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, òjò ni tèmi. Bí òjò oṣù keje bá ń rọ̀ láìdá, ewé rẹ̀ máa ń ní àmì dúdúdúdú. Ohun tí ìyá gbà mí nímọ̀ràn ni pé kí n gbin hóró rẹ̀ bí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, kó lè tanná nígbà tí òjò bá ti ń lọ sílé, kí n sì máa bu omi sí ìdí rẹ̀, kí n má wọ́n ọn sí ewé. Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi hù. Bí oṣù kọkànlá bá sì dé, tí àwọn ará Abùjá àti Èkó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sílé fún ọdún, pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ osàn á ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Periwinkle kò gba wàhálà rárá. Ewúrẹ́ kì í fẹ́ fẹnu kàn án, ó korò. Ara ewé rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oògùn kan tí àwọn dókítà ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é mu nílé, májèlé ni.

Ẹ má ra Petunia níbẹ̀ lásìkò òjò, bó ti wù kó rẹwà tó. Òjò wa wúwo jù fún un. Ẹ má sì ra rósì tí wọ́n kó wá láti Jos. Òkè tútù ni Jos, ibi tó ti wá kò jọ ibi tó ń bọ̀. Èyí tí mo rà ní ₦4,500 wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Ìyá fúnra rẹ̀ kò yìn ín fún mi, ọmọkùnrin tó ń bá a tajà ló yìn ín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí ni agolo wàrà kan tó wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá mú hóró òdòdó tó ti gbó wá, tó dì í sínú bébà, tó kọ àwọ̀ rẹ̀ sí i lára, á fi í sínú agolo náà, á sì mú ọ̀mùnú kan lọ láìsanwó. Ẹni tí kò bá ní hóró lè mú ẹ̀ka bugẹnfílíà tó gé dáadáa wá. Báyìí ni Balsam aláwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò ṣe dé ọwọ́ mi, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé tí n kò mọ̀ rí. Èso rẹ̀ tó bá ti gbó máa ń wú, irun wúlẹ́wúlẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ìka bá ti kàn án báyìí, pàà! á bẹ́, awọ rẹ̀ á ká kò, hóró á fọ́n káàkiri. Àwọn ọmọ tó ń gba ibẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé kò gbàdúrà ohun mìíràn. Mo ní láti fi ọ̀rá wé èyí tí mo fẹ́ kó hóró rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ mi ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá tó ń ta àkàrà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà ti gbin tirẹ̀ sínú ike epo. Olódòdó tó bá ń fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀ ń pàdánù owó, mo mọ̀. Ó ṣe é síbẹ̀, ọjà rẹ̀ kò sì kú.

Mo ní ẹjọ́ díẹ̀. Kò sí àmì lára òdòdó kankan, àwọ̀ tí wọ́n bá sọ fún yín lè yàtọ̀ bó bá là. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ kan pàtó, kó ra èyí tó ti yọ òdòdó kan ó kéré tán. Àwọn ike tuntun tó ń tà kò ní ihò nídìí, wọ́n kàn sàmì sí ibi tó yẹ kí wọ́n lu ni. Ẹ lù ú kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ìṣó gbígbóná wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. POS rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ mú owó dání. Kò sì ní ẹni tó ń bá ni gbé e délé. Ọlọ́kadà tó gbé tèmi níjọ́sí so àpò ilẹ̀ lé orí òdòdó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ fi páálí kékeré sí i lábẹ́ tàbí kí ẹ gba kẹ̀kẹ́ Máruwá.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú àwọn ọ̀mùnú rọ. Bí ẹnikẹ́ni lápá Mọ̀pà tàbí Ìsánlú bá ní hóró tannápowó funfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sínú agolo ìyá fún aránṣọ. Zinnia yẹ́lò àti Balsam ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò wà nílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀, mo ti dì wọ́n sínú bébà.