Hamlet ti Arden: ìwé méjì tí a fi ń yẹ ẹnu àwọn lámèyítọ́ wò

Ẹni tó bá ra Hamlet, eré Shakespeare, nínú ọ̀wọ́ kẹta àwọn ìwé Shakespeare tí wọ́n ń pè ní Arden, tí Ann Thompson àti Neil Taylor ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2006, kó má rò pé ìwé kan ṣoṣo ti parí ọ̀rọ̀. Ìwé méjì ni. Àkọ́kọ́ gbé eré náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní 1604. Èkejì kó ti 1603 àti ti 1623 pọ̀ sínú èèpo kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára mu: ti 1603 jẹ́ nǹkan bí ìlà 2,200, ti 1604 sì sún mọ́ 3,800. Ọ̀pọ̀ Hamlet tó wà lórí àtẹ ló ti lọ̀ wọ́n pọ̀ bí ata àti tòmátì, tí a kò lè ṣa ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Arden kọ̀, kò lọ̀ wọ́n. Ohun tó sì mú kó wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbé àwọn lámèyítọ́ sórí ìwọ̀n nìyẹn, torí púpọ̀ nínú ìjà wọn ló dúró lórí ìlà tó wà nínú ìwé kan tí kò sí nínú èkejì.

Ẹ mú ìjà tó gbajúmọ̀ jù. Kí ló dé tí Hamlet ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la? Wọ́n ti pa bàbá rẹ̀, òkú bàbá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é, ìyẹn Claudius, àbúrò òkú náà, tó ti gorí oyè tó sì ti fẹ́ ìyá Hamlet, síbẹ̀ ó di òpin apá karùn-ún kí ẹ̀san tó ké. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, nínú ìtàn àròsọ tó gbé jáde ní 1795 sí 1796, fi í wé ìkòkò olówó iyebíye tí wọ́n gbin igi óákù sí: gbòǹgbò ń tóbi, ìkòkò fọ́. Coleridge, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ní ìrònú ló pọ̀ jù fún un. A. C. Bradley sọ ní 1904 pé ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn ni, àti pé ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ló fà á. Ẹ wá ṣí apá kẹrin, ìran kẹrin. Hamlet rí ọmọ ogun Fortinbras, ọmọ ọba Norway, tí wọ́n ń lọ kú nítorí bíńtín ilẹ̀, ó sì fi ìlà 35 nà ara rẹ̀ lẹ́gba: òun ní ìdí, òun ní okun, òun ní ọ̀nà, òun kò sì tíì ṣe é. Ìwé 1604 nìkan ló ní ọ̀rọ̀ àdásọ yìí. Nínú ti 1623, Fortinbras sọ gbólóhùn díẹ̀, ó kọjá lọ, Hamlet kò tilẹ̀ yọjú. Ẹni tó bá fi ìwé 1623 nìkan dán Coleridge wò yóò rí i pé òpó kan ti kúrò lábẹ́ ilé. Ilé kò wó, nítorí èébú tí Hamlet bú ara rẹ̀ ní òpin apá kejì ṣì wà, àmọ́ ó fì.

Bí ojú-ìwé ṣe rí nìyí: ọ̀rọ̀ eré wà lókè, àlàyé wà lábẹ́ rẹ̀ ní òpó méjì, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ pátápátá, tó ń sọ ibi tí àwọn ìwé àtijọ́ ti yà sọ́tọ̀. Lẹ́tà wínníwínní yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, ibẹ̀ sì ni ẹran wà. Ẹ wo apá kìíní, ìran kejì, níbi tí Hamlet ti ń fẹ́ kí ara òun yọ́ dànù. Ìwé 1623 pe ara náà ní "solid", ara tó le gbagidi. Ti 1603 àti 1604 pè é ní "sallied". Dover Wilson, lámèyítọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní "sullied" ni, ìyẹn ara tó ti lábààwọ́n. Bó bá jẹ́ ara líle, ẹni tí ayé sú ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ara alábààwọ́n, ẹ̀gàn ìyá rẹ̀ ti wọ inú ẹran ara tirẹ̀, Freud (1900), onímọ̀ nípa ọkàn tó ní ìfẹ́ tó fara sin tí Hamlet ní sí ìyá rẹ̀ ló ń dá a dúró, àti Ernest Jones, tó kọ àkọ́kọ́ lórí èrò Freud yìí ní 1910, sì ti rí ibi jókòó sí. Arden fi "sallied" sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ṣàlàyé, ó fi ìdájọ́ sọ́wọ́ òǹkàwé. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ ń dá ẹnu dúró nígbà tí ènìyàn bá ń kà á sókè.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìfáárà. Ó gùn, àsìkò tiwa ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó padà sí ayé Shakespeare, tí ẹni tí kò tíì ka eré náà fi lè gba èrò ẹlòmíràn kó tó ní tirẹ̀. Ẹ ka eré náà tán láìwo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Ẹ padà sí apá kẹta, ìran kejì àti ìkẹta, kí ẹ wá ka àlàyé gbogbo níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ sí àfikún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwé, níbi tí wọ́n kó ohun tó wà nínú ti 1623 nìkan sí, bí ibi tí Hamlet ti pe Denmark ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìwé kejì ló kàn. Àlàyé inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tó bá ra èkejì nìkan ti ra àdá tí kò ní èèkù.

Ìdí tí mo fi tọ́ka sí ìran méjèèjì yẹn ni pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń forí gbárí jù. Nínú ìran kẹta, Claudius kúnlẹ̀, Hamlet fa idà yọ, ó tún dá a padà sínú àkọ̀: òun kò ní pa á nínú àdúrà, kí ọkàn rẹ̀ má lọ sọ́run rere. Samuel Johnson (1765) gbà pé ohun tó sọ náà ló ń bẹ nínú rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà burú ju ohun tó yẹ kí ènìyàn kà tàbí kó sọ lẹ́nu lọ. Coleridge ní àwáwí lásán ni. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí lámèyítọ́ tuntun, ẹ wo ọ̀nà tó gbà nínú méjì yìí, ẹ ó ti mọ ibi tí yóò já sí. Ẹ má sì gbàgbé pé bí Hamlet ṣe jáde, Claudius dìde, ó ní ọ̀rọ̀ òun fò lọ sókè, ìrònú òun kò kúrò nílẹ̀. Àdúrà náà kò gbà. Àǹfààní náà pé, Hamlet ló jẹ́ kó bọ́.

Ti ìran kejì le jù bẹ́ẹ̀. Kí eré inú eré, èyí tí Hamlet ní kí àwọn òṣèré ṣe kó lè fi wo ojú Claudius, tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré kọ́kọ́ ṣe é láìfọhùn: wọ́n da májèlé sí ọba létí. Claudius jókòó síbẹ̀, kò ta pútú. Ní 1917, W. W. Greg ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yẹ kó ti fò dìde; ó ní ọ̀rọ̀ tí òkú sọ, inú orí Hamlet ló ti wá. Dover Wilson ka àpilẹ̀kọ yìí nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Sunderland, ó gbé e gbóná, ìdáhùn rẹ̀ sì di odidi ìwé ní 1935. Ó ní Claudius ń bá àwọn tó yí i ká sọ̀rọ̀, kò wo eré aláìfọhùn náà. Kò sí ìtọ́ni kankan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé Hamlet pe apànìyàn inú eré náà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọba. Ohun tí àwọn ìjòyè ń rí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń halẹ̀ mọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó lé ọba dìde.

T. S. Eliot ní 1919 ní eré náà kùnà, pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kò tó gbé ìrira tí ọmọ ń sọ. Ó tọ́ nípa ibi tí ògiri ti sán. Nínú ìtàn Saxo, òpìtàn ará Denmark, tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó pa ọba, ọmọ sì ń ṣe bí wèrè kí wọ́n má baà pa òun náà. Shakespeare sọ ìpànìyàn náà di àṣírí, ó sì tọ́jú wèrè náà sílẹ̀, wèrè wá di ohun tó ń fa ìfura dípò kó bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti 1603 kí ẹ tó gba ìdájọ́ Eliot: níbẹ̀, ìyá Hamlet búra pé òun kò mọ̀ nípa ikú ọkọ òun, ó sì ṣèlérí láti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń dun Eliot ti ní ojútùú níbẹ̀, eré náà kò sì dára tó ti 1604.

Òǹkàwé Yorùbá ní wàhálà kan tí àlàyé ìsàlẹ̀ kò ràn. Àbúrò olóògbé ṣú opó, kí ló burú níbẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn àgbà Tiv bi Laura Bohannan, onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, nígbà tó sọ ìtàn náà fún wọn. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 1966. Wọ́n ní Claudius ṣe ohun tó yẹ, wọ́n sì ní òkú kì í rìn, àmì tí àjẹ́ rán ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, èèwọ̀ ni opó ẹ̀gbọ́n. Òun ni Henry VIII dì mú tó fi kọ Catherine ti Aragon. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, Hamlet yóò dà bí ọmọ tó ń jowú ọkọ ìyá rẹ̀, Freud yóò sì jàre lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tó yẹ kó yé wa kíákíá ni ti Margreta de Grazia (2007): ó ní àwọn lámèyítọ́ òde òní wọ inú ọkàn Hamlet lọ títí wọ́n fi gbàgbé pé wọ́n gba ilẹ̀ àti oyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà 2006 kò lè ní in, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016, tó fi ọ̀rọ̀ kún un nípa ohun tó jáde lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ẹyọ kan nítorí ojú-ìwé tí àlàyé ti jẹ ọ̀rọ̀ eré kù bí ìlà mélòó kan, àti nítorí pé owó ìwé méjì ni ẹ ó san. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a, tó kàn fẹ́ eré kan tó ti di odidi, kó wá ti Harold Jenkins, Arden 1982, tó lọ̀ ọ́ pọ̀, tó sì kó àlàyé gígùn sẹ́yìn ìwé.