Ẹ fura o: wọ́n ń ta ráútà àlòkù bíi Wi-Fi 6 tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Àwọn ońtàjà kan wà, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé Wi-Fi ilé yín ń falẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa jáde lẹ́nu wọn nípa ráútà, ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi kiri ilé: "Ráútà yín ti gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀." Wọn ò ní béèrè irú íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sanwó fún, wọn ò ní béèrè ibi tí ẹ gbé ráútà sí. Páálí tí wọ́n kọ Wi-Fi 6 (ìran Wi-Fi kẹfà) gàdàgbà sí lára ni wọ́n máa gbé síwájú yín, wọ́n á ní ẹ̀dínwó orí ẹ̀ ò kọjá òní.

Mo bá ẹnì kan yẹ irú ẹ̀ kan wò. Èríàlì mẹ́fà ló dúró ṣánṣán lórí ẹ̀. Sítíkà abẹ́ ẹ̀ ń dán ju ara ẹ̀rọ náà lọ, etí sítíkà mìíràn sì ń yọjú lábẹ́ ẹ̀. A fi èékánná ká a sókè. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì tí a rí níbẹ̀ ò jọ ti ara páálí rárá. Nígbà tí a wọ settings ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, "b/g/n" ni ibi tí wọ́n ti ń yan irú Wi-Fi parí sí. Wi-Fi 4 nìyẹn, ti ọdún 2009. Ká ní Wi-Fi 6 ni lóòótọ́, "ax" ò bá wà níbẹ̀. A tú u: mẹ́rin nínú èríàlì yẹn ò ní wáyà kankan nínú. Ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó ń ta ojúlówó, àmọ́ tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ara páálí tan èèyàn. Ẹ wo AC1200. Àròpọ̀ tí wọ́n sún di 1200 ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn: 300 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) lórí ìgbì 2.4 GHz àti 867 lórí ìgbì 5 GHz. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni fóònù yín máa ń lò, kì í sì í rí odindi ìyẹn gan-an gbà. Èyí tó wá burú jù ni pé ihò wáyà ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju 100 Mbps lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì 300 bá ń wọlé yín, ẹnu ihò yẹn ló máa dá a dúró. Ẹ wá "10/100/1000" tàbí "Gigabit" lára páálí. Bó bá jẹ́ "10/100" nìkan ni ẹ rí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ẹ má sì dá àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò iná ara ògiri lóhùn, àwọn tó ní yóò sọ íntánẹ́ẹ̀tì yín di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ yẹn kàn ń gba Wi-Fi tó wà nílẹ̀ ni, ó sì tún un fọ́n síwájú. Bó bá jẹ́ pé ìgbì kan náà ló fi ń gbà tó fi ń fọ́n, nǹkan bí ìdajì ìyára ẹ̀ ló ń bá a lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ yọ wáyà tó ń wọnú ráútà láti módẹ́ẹ̀mù (ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé), ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní tààrà, kí ẹ wọn ìyára ẹ̀. Bí ẹ bá ń sanwó 50 Mbps tí ẹ rí 10, ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún yín ni kí ẹ lọ bá jà. Bí ìyára ẹ̀ bá pé síbẹ̀ àmọ́ tí Wi-Fi ń kú ní yàrá, ẹ kọ́kọ́ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e sókè sáàárín ilé.

Àwọn tó yẹ kó pààrọ̀ wà o. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ráútà yín bá ti dáwọ́ àtúnṣe sọ́fítíwià ẹ̀ dúró, ẹ má fi falẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, FBI, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń já wọ irú ráútà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gba íntánẹ́ẹ̀tì onílé kọjá lọ ṣiṣẹ́ ibi. Irú ẹ̀ gan-an sì ni àwọn ońtàjà tí mò ń sọ yìí ń nù dán tí wọ́n ń tà fún yín.

Nítorí náà, ẹ ní kí ońtàjà ṣí páálí lójú yín. Ẹ ka mọ́dẹ́ẹ̀lì àti "V1" tàbí "V2" (ẹ̀dà kìíní tàbí ìkejì) tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ wá a lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá wọ́n ṣì ń tún sọ́fítíwià ẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rà á, tí sítíkà àti settings ò bára mu, ẹ yọ ọ́ kúrò nídìí íntánẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ya fọ́tò méjèèjì, kí ẹ fi béèrè owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé e lọ bá báńkì tí ẹ fi sanwó.