Extension Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbé Wọ Ọkọ̀ Ìgbafẹ́?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í pọ̀ nínú yàrá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ (cruise), pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ti pẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀kan tàbí méjì péré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bí ẹni mẹ́rin bá wà nínú yàrá, tí kálukú ní fóònù, tí ẹnìkan tún gbé kọ̀ǹpútà dání, wàhálà dé nìyẹn. Nǹkan mẹ́rin ló wà lórí àtẹ tí wọ́n máa ní kí ẹ fi yanjú ẹ̀. Méjì péré ni mo lè ní kí ẹ rà láìwo ẹ̀yìn.

Extension tó ní surge protector

Surge protector ni èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àpọ̀jù. Èyí tó dáa jù nílé ló burú jù lórí omi. Nílé, wọ́n ti so ọ̀kan nínú wáyà méjì tó ń gbé iná mọ́ ilẹ̀ láti orísun. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi, iná wà lára wáyà méjèèjì, wọn ò sì so èyíkéyìí mọ́ irin ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: bí wáyà kan bá bó tó sì kan irin, iná ò ní já lójijì kí ẹ̀rọ tó wúlò má baà kú lójú òkun. Ṣùgbọ́n lásìkò náà, agbára iná tó wà láàárín wáyà kejì àti irin ọkọ̀ á ga sókè. Èròjà inú surge protector lè kà á sí iná àpọ̀jù, kó máa dà á sínú wáyà earth, ìyẹn wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ọkọ̀, láìdáwọ́ dúró, títí tí yóò fi gbóná débi tó máa gbiná. Bọ́tìnì tó wà lára ẹ̀ sábà máa ń já wáyà kan ṣoṣo. Iná ṣì wà lára èkejì. Ní 2013, US Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí "surge", tàbí iye "joules", tàbí iná kékeré tí wọ́n kọ "protected" sí lára, ẹ dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí àkọlé pé ó dára fún cruise tàn yín; ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà nìyẹn, ohun tó wà níwájú wọn làwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ máa wò.

Extension lásán àti wáyà gígùn

Èyí tí kò ní surge protector kò léwu tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìlànà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ò dọ́gba. Royal Caribbean ò fẹ́ rí extension tàbí púlọ́ọ̀gì olójú púpọ̀ rárá. Carnival máa ń gba èyí tí kò ní surge protector. Àwọn òfin yìí sì ń yí padà, nítorí náà ẹ ka àkójọ ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ kí ẹ tó rajà, kí ẹ tún kà á lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín, ó di ọjọ́ ìparí ìrìn àjò kẹ́ ẹ tó rí i gbà.

Wáyà gígùn ni mi ò fẹ́ràn jù: ó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀, bó bá sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ooru rẹ̀ ò ríbi jáde.

Ṣájà USB olójú púpọ̀

Òun ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ẹ yan èyí tó ń wọ ara ògiri tààrà, tí kò ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan lára, torí bó bá ní in, wọ́n lè kà á mọ́ púlọ́ọ̀gì olójú púpọ̀. Ẹ wò ó lẹ́yìn bóyá wọ́n kọ 100–240V sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù tí ẹ lè bá nínú yàrá, bí ẹ bá ti ní adapter tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Iye watt tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, gbogbo ojú ló jọ ń pín in: 65W lè tó kọ̀ǹpútà kan, àmọ́ bí ẹ bá ki fóònù mẹ́ta mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ ẹsẹ̀.

Power bank

Ó wúlò fún ọjọ́ tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté. Bí ẹ bá máa wọ bàálù débi tí ọkọ̀ wà, ẹ má kọjá 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà), ìyẹn bíi 27,000 mAh, inú báàgì ọwọ́ ni kó sì wà.

Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún ẹni tí kì í mí dáadáa lójú oorun, sùn kò nílò láti ra extension. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé wáyà tiwọn wá sí yàrá yín.