Coilover tó ń pariwo: ohun tí ojú mi rí lábẹ́ ọkọ̀ ara mi

Oṣù mẹ́jọ ti pé tí mo ti yọ ṣọ́kì tó bá ọkọ̀ mi wá, tí mo fi coilover (ṣọ́kì tí sípíríìn yí ká, tí èèyàn lè fi òrùka abẹ́ sípíríìn yí gíga rẹ̀ padà) rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà jókòó dáadáa, ó fi mìlímítà 35 sún mọ́ ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ tí mo bá wọ kọ́nà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá mi fi í sí ní bí coilover ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kí n mú un mọ́ra. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo tú u fúnra mi nílé, ní Sátidé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń múra láti dá tirẹ̀ padà fún ẹni tó tà á: ṣọ́kì inú tèmi kò ní àìsàn kankan. Bí wọ́n ṣe tò ó àti bí wọ́n ṣe dè é ni gbogbo wàhálà náà.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ kọ́kọ́ fetí sí i. Ariwo mẹ́ta ni tèmi, ohùn wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tí mo bá rọra ń lọ lórí ọ̀nà ṣágiṣàgi. Ọ̀kan ń dún dìn-ín, bí ìgbà tí èèyàn ta okùn gìtá, tí mo bá yí sítíárìn lójú kan. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn, ó ń ké wíín-wíín bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ gbẹ.

Dìn-ín ni mo kọ́kọ́ mú. Mo ní kí àbúrò mi jókòó sídìí sítíárìn kó máa yí i sọ́tùn-ún sósì, èmi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé máńtìn ṣọ́kì lápá òsì, ìyẹn ibi tí orí ṣọ́kì ti so mọ́ ara ọkọ̀. Bó ṣe dún báyìí, ó ta mí lọ́wọ́. Ní iwájú ọkọ̀ bíi tèmi, ṣọ́kì àti sípíríìn ń bá táyà yí ni, béárìn tó wà lókè ló sì yẹ kó jẹ́ kí wọ́n yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí nǹkan bá há a, sípíríìn á máa lọ́ pọ̀ títí, á wá fò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo tú u, wọ́ṣà kan ló wà nísàlẹ̀ béárìn dípò òkè rẹ̀, ìjókòó sípíríìn wá ń fara ha máńtìn. Wọ́ṣà tín-ín-rín kan ṣoṣo!

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé nọ́ọ̀tì òkè kò le. Ẹ̀rọ tó ń de nọ́ọ̀tì gbà-gbà-gbà ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ yẹn máa ń yí ọ̀pá ṣọ́kì pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì, èèyàn á rò pé ó ti le nígbà tí kò tíì le, ó sì lè ba rọ́bà tó ń dá epo ṣọ́kì dúró jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ Allen ni kí ẹ fi di orí ọ̀pá mú, kí ẹ wá fi sípánà ọwọ́ de nọ́ọ̀tì. Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ yí òrùka abẹ́ sípíríìn sọ̀ kalẹ̀ títí sípíríìn kò fi ní agbára kankan mọ́. Ìwé inú páálí kò sọ èyí. Ojú ewé kan péré ni, àwòrán rẹ̀ ò sì hàn. Fún ohun tí ẹ̀mí èèyàn wà lórí rẹ̀, ìyẹn bí mi nínú gidigidi.

Kọ́-kọ́-kọ́ ló gba àkókò mi jù. Orí ṣọ́kì ni mo ń wá a sí, àṣé ìsàlẹ̀ ló wà. Nígbà tí ọkọ̀ ti rẹlẹ̀, línkéèjì tó so ọ̀pá stabilizer (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù) mọ́ ṣọ́kì kò dúró bó ṣe yẹ mọ́. Bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ tẹ̀ dé òpin, ó sì ń lu irin. Mo yọ línkéèjì méjèèjì, mo rọra wa ọkọ̀ náà yípo lẹ́ẹ̀kan, ariwo pòórá. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo wá ra línkéèjì kúkúrú tí èèyàn lè dín gígùn rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un. Táyà iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní gíga kan náà tí ẹ bá ń dè é o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pá náà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kan bóòtì lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) náà. Ẹ má dè é pinpin nígbà tí táyà ń rọ̀ dirodiro. Ibi tí ẹ bá de rọ́bà bọ́ṣìn (rọ́bà tí bóòtì gba àárín rẹ̀ kọjá) sí ló máa dì mú. Tí ọkọ̀ bá wá jókòó, lílọ́ ni rọ́bà náà á wà, á máa dún, á sì tètè ya. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá náà títí ìwúwo ọkọ̀ á fi bọ́ lé e, kí ẹ tó dè é gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n jáàkì nìkan kò tó láti gbé ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ irin ni kí ọkọ̀ jókòó lé, kí ẹ sì fi igi há táyà tó wà nílẹ̀.

Wíín-wíín ti ẹ̀yìn rọrùn. Bọ́ṣìn pólí (polyurethane, tó le ju rọ́bà lọ) tí mo fi sí ọ̀pá stabilizer ẹ̀yìn ló gbẹ. Gírísì sílíkónì ni mo fi pa á, ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi gírísì lásán kan rọ́bà, ó máa ń jẹ́ kó wú.

Ṣé màá tún ra coilover yìí? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bó ṣe ń di ọ̀nà mú. Àmọ́ máńtìn rẹ̀ jẹ́ irin, kì í ṣe rọ́bà, nítorí náà ìró kòtò ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí sípánà tó lè mú ìyẹn kúrò. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ kékeré tó ń sùn nínú ọkọ̀, èyí tó ní máńtìn rọ́bà ni kó rà.

Mo gbé ọkọ̀ lọ ṣe alignment (títo táyà kó lè dúró bó ṣe yẹ) lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ti wà á tó kìlómítà 500, mo tún yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Ti línkéèjì ọ̀tún ti dẹ̀ díẹ̀. Mo dè é padà, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin, kí n lè rí i lójú kan tó bá tún yí.