Ṣaworoidẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, Aníkúlápó lọ́jọ́ Sátidé: àgbéyẹ̀wò Kèlání, Afọláyan àti ẹ̀rọ tí a yá

Fíìmù ti dé bí ìdajì kí ògiri tó ṣókùnkùn. Kì í ṣe pé iná lọ o, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Gílóòbù púrójẹ́kítọ̀ ló kú fúnra rẹ̀, iná pupa kan wá ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ. Ohùn kò dákẹ́ ní tirẹ̀, torí inú kọ̀ǹpútà ni wáyà ti gbé e lọ tààrà sínú sìpíkà. Odidi ìṣẹ́jú 19 la fi gbọ́ Ṣaworoidẹ nínú òkùnkùn, lágbàlá kan ní Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo, èèyàn bí 40 lórí àga oníke, ẹnì kan kò dìde. Ìṣẹ́jú 19 yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Àríyànjiyàn ló bí i. Àwọn àgbà agboolé ní kò sí olùdarí fíìmù tó lè dé ibi tí Túndé Kèlání dé. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ni wọ́n ń wí, Kúnlé Afọláyan ti gbé Yorùbá dé Netflix. La bá dáwó, a yá ẹ̀rọ fún alẹ́ méjì, Ṣaworoidẹ ti Kèlání lọ́jọ́ Jímọ̀, Aníkúlápó ti Afọláyan lọ́jọ́ Sátidé: púrójẹ́kítọ̀ kan, sìpíkà méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti ọmọkùnrin kan tí yóò máa mójú tó wọn. 30,000 náírà lálẹ́ kan, ẹ ó ra epo fúnra yín.

Ọmọkùnrin náà tètè dé, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí fíìmù ṣe bẹ̀rẹ̀, orí gbogbo òṣèré fẹ̀ bí àkàrà. Inú VCD, àwo fíìmù àtijọ́, ni wọ́n ti da Ṣaworoidẹ kọ. Àwòrán VCD kò ju 352 lọ́nà 288 lọ, ìrísí rẹ̀ sì bá ojú tẹlifíṣàn àtijọ́ mu, ọmọkùnrin náà wá fà á gbọọrọ kó lè kún ògiri. Ìyáàlù rí pẹrẹsẹ bí abọ́. A ní kó máa tẹ lẹ́tà A, pé VLC, ètò tó ń gbé fíìmù jáde lórí kọ̀ǹpútà, á máa pààrọ̀ ìrísí títí yóò fi kan 4:3, ìrísí tẹlifíṣàn àtijọ́ yẹn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe kún ògiri yìí ni àwọn oníbàárà wa ń fẹ́ ẹ.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán ó ní, “Áà, ó mà dáa o.”

Ohun tó pa gílóòbù kò ṣòro láti mọ̀. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púrójẹ́kítọ̀ tó ń gba eruku dúró kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Èèyàn lè fà á yọ, kó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a, kò gba ju ìṣẹ́jú 2. Asẹ́ tiwọn ti nípọn bí aṣọ òtútù. Wọ́n tún wá gbé ihò tí ooru ń gbà jáde ti ògiri ẹ̀yìn, àlàfo ibẹ̀ kò ju ìnṣì 2 lọ. Ẹ̀rọ gbóná, ó pa gílóòbù kó má baà jó. Ohun tó yẹ ni kéèyàn fi í sílẹ̀ lórí iná, kí fáànù máa fẹ́ ẹ, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kó tó tún un tàn. Kíá ni ọmọkùnrin yìí fa wáyà yọ. Fáànù dúró, ooru há sínú. Ó tàn án, ó kú. Ó tún tàn án, ó tún kú. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀gá ní, “Iná ìjọba ló ń ṣe é. Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù.” Iná ìjọba wo? Jẹnẹrétọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kó fún un ló ń pariwo létí fóònù yẹn!

Inú òkùnkùn náà ni ìbínú mi ti rọlẹ̀. Ìyá kan níwájú ń parí òwe kí òṣèré tó parí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ọba la fi mọ̀ pé ààfin la wà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà, ẹni tó bá mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé kì í fi gbólóhùn ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìlù ló gbé iṣẹ́ náà. Etí awọ ìyáàlù ni wọ́n máa ń so ṣaworo sí, bí onílù bá ti gbé e kọ́ èjìká, kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ rárá, ṣaworo ti dún. Nínú fíìmù yìí, ìlù náà àti adé Jogbo, ìlú inú fíìmù, jọ mulẹ̀ ni: ọba tó bá da ìlú, bí ìlù bá dún tí adé wà lórí rẹ̀, ó tán fún un. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí ṣaworo bá mì nínú òkùnkùn, gbogbo àgbàlá á pa lọ́lọ́. Ẹni tí kò rí nǹkan kan mọ ohun tó ń bọ̀.

Àwòrán padà dé, ó sì ṣe mí bíi kí wọ́n pa á. Ayàwòrán ni Kèlání kó tó máa darí, síbẹ̀ àwọn ìran inú ilé dúró gbagidi, ìmọ́lẹ̀ kan náà lójú gbogbo èèyàn, àwọn ìjòyè á jókòó, wọ́n á sọ tiwọn, wọ́n á dìde. Ọdún 1999 ni, mo mọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí Afọláyan fúnra rẹ̀ níbẹ̀, òun ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà, ọdún 7 kí fíìmù Ìràpadà tí òun fúnra rẹ̀ darí tó jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọkùnrin náà mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání. Tuntun ni, ó ṣì wà nínú ike rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó gbá asẹ́, ó fa tábìlì kúrò lára ògiri, ó wá ń wo ojú wa. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Gílóòbù kò kú mọ́. Ohùn ló kàn. Orin inú Aníkúlápó ń dún bí àrá, òṣèré lanu, a kò gbọ́ ju bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò lọ. Ohùn 5.1, ìyẹn ohùn tí wọ́n pín sí sìpíkà mẹ́fà, ni àpótí tó fi ń wo Netflix ń gbé jáde, sìpíkà méjì péré la sì ní. Ọ̀nà àárín ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu sí nínú 5.1, ibẹ̀ gan-an ni kò ní sìpíkà. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan èdè àti ohùn, ẹ mú Yorùbá tí kò ní 5.1 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, inú ètò àpótí fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti yí i sí stereo, ohùn sìpíkà méjì. Bí ìṣẹ́jú 40 ni ọmọkùnrin náà fi wá a kó tó rí i, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kan rìmóòtù.

Nínú ìṣẹ́jú 40 yẹn, a kò sọnù. Sàró, olú ẹ̀dá ìtàn náà, wọ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ òfì ló mú dání. Bí Awàrún, obìnrin olówó ibẹ̀, ṣe ń wò ó nìkan tó fún àlàyé. Òṣogbo ìlú aró ni ibí, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi aṣọ tan èèyàn jẹ: àwọn ìyá méjì ti ń jiyàn nípa èyí tí wọ́n rẹ sínú ẹlú àti èyí tó jẹ́ aró ayé òde òní. Wọ́n jiyàn, àmọ́ wọn ò gbójú kúrò. Ojú ni Afọláyan ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ fìtílà ṣe ń gbé ojú jáde lálẹ́ inú fíìmù rẹ̀. Ó ń náwó síbi tó yẹ.

Nígbà tí ohùn wá mọ́ tán, ẹ̀dùn ọkàn mìíràn dé. Yorùbá òde òní ló pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ yẹn, ìyá tó ń parí òwe lọ́jọ́ Jímọ̀ kò rí nǹkan kan parí. Ìjà Sàró àti Àrólákẹ́, olorì ọba, nìkan ni mo dúpẹ́ pé mo gbọ́. Ẹyẹ àkàlà inú fíìmù náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn lára rẹ̀ gbangba. Fíìmù náà sì gùn, ó lé ní wákàtí méjì. (Ẹ lé àwọn ọmọdé wọlé kí ẹ tó tàn án, kì í ṣe tiwọn.)

Kèlání: 7 nínú 10.
Afọláyan: 8. Àwọn ọ̀dọ́ tó sùn lọ́jọ́ Jímọ̀ kò sùn lọ́jọ́ Sátidé.
Ẹ̀rọ àti ọmọkùnrin náà: 9. Mo mọ ohun tí mo kọ lókè. Ọ̀gá rẹ̀: 2.

A ti ń dáwó fún Àrùgbá ti Kèlání, ti ọdún 2008, kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé lóṣù Kẹjọ. Ọmọkùnrin yẹn náà la ní kí wọ́n rán wá. VCD la tún ní, kó má gbàgbé lẹ́tà A.